Owó Abọ́ Ìrẹsì Méjì Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Gba Láptọ́ọ̀pù Yìí, Lónìí Òun Ni Akọ̀wé Ṣọ́ọ̀bù!

Ẹ jókòó ná, ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìyàwó tó gba ọkọ ọlọ́kọ, àmọ́ ó ká mi lára gan-an, nítorí pé owó wà níbẹ̀, ẹkún sì wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ọkùnrin kan tó máa ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ra àlòkù irin, dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ránṣọ, ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ lọ́jọ́ náà. Fáànù tó ti kú, áyọ́ọ̀nù tó ti jó, àti láptọ́ọ̀pù kan tí eruku ti bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n kó síta fún un. Ọkùnrin náà gbé láptọ́ọ̀pù sókè, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu, ó ní: "Màmá, èyí ò fi bẹ́ẹ̀ lówó lórí o. Owó abọ́ ìrẹsì méjì ni mo lè san."

Owó abọ́ ìrẹsì méjì kẹ̀! Láptọ́ọ̀pù tí a dáwó jọ rà fún ọmọ wa lọ́dún 2013, nígbà tó wọ yunifásítì! Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bojú wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, kí lo fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ ṣe? Ọdún mẹ́ta rè é tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó kú lóòótọ́. Ẹ ṣì rántí ọ̀rọ̀ fóònù yín, àbí ẹ ti gbàgbé?"

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Fóònù tó já sómi

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù Kejìlá tó ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́rìnlélógún fún ìgbéyàwó kan. Inú fóònù ló kọ òdiwọ̀n gbogbo wọn sí: àyà, ìbàdí, èjìká, gígùn ọwọ́. Inú fóònù kan náà ni fọ́tò sítáì tí kálukú mú wá wà. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n ṣègbéyàwó ni fóònù yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di inú korobá omi tí wọ́n rẹ àǹkárá sí. Wọ́n fi ìrẹsì bò ó, wọ́n sá a sóòrùn, kò jí.

Ni ẹ̀gbọ́n mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan padà wá kí wọ́n tún wọn ara wọn. Àwọn kan ti padà sí Èkó, ẹnì kan wà ní Ìlọrin, wọ́n kàn fẹnu sọ òdiwọ̀n lórí fóònù ni. Aṣọ mẹ́ta ló fún pinpin lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìyá ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tó sọ síta níbẹ̀ kò ṣeé kọ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀gbọ́n mi fi owó ara rẹ̀ san gbèsè aṣọ mẹ́ta náà. Ojú mi báyìí ló ṣe rí i tó ń sunkún lẹ́yìn mọṣíìnì, tó ń fi àkísà nu ojú.

Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́ o. Kò sí ibi tó ń tọ́jú iṣẹ́ pa mọ́ sí ni. Gbogbo ohun tó mọ̀, gbogbo ohun tí oníbàárà fún un, inú fóònù kan ṣoṣo ló wà. Ẹ wo iye ṣọ́ọ̀bù tó rí bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa lónìí: télọ̀, káfíńtà, wẹ́dà, onífọ́tò, mẹkáníìkì.

Ẹ̀ńjíníà yẹ òkú wò

Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà sọdá títì, ó di ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀ńjíníà. Ó tú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Eruku àti òwú tó wà lẹ́nu fáànù inú rẹ̀ tó láti fi ṣe ìrọ̀rí ọmọdé! Ó gbọ̀n ọ́n nù, ó fi bírọ́ọ̀ṣì nu ún, ó pààrọ̀ ọ̀dà tí wọ́n máa ń fi sáàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tó ń gba ooru lórí rẹ̀. Ó tẹ bátìrì wò.

"Ẹ ṣe oríire, Bàbá," ó ní, "bátìrì yín kò wú. Èyí tó bá ti wú bí àkàrà, tó ń ti ìdí ẹ̀rọ síta, ẹ má gbà kí wọ́n lò ó rárá. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ má sọ ọ́ síná. Iná tó bá ti ara rẹ̀ sọ kì í rọrùn láti pa."

Ó tan ẹ̀rọ. Ó jí! Àmọ́ ìjí onísùúrù ni. A dúró títí ẹnì kan fi ra ọsàn, tó bó o, tó sì mu ún tán, Windows kò tíì gbéra.

Ẹ̀ńjíníà là á yé mi. Ó ní ẹ̀rọ náà kò yarọ, ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí ló wúwo jù ú lọ. Windows 10 ló wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ Windows 11 kò sì gba irú ẹ̀rọ ọdún 2013 wọlé, ó ń béèrè ọpọlọ ẹ̀rọ tuntun àti ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Nítorí náà ni àìmọye láptọ́ọ̀pù tó ṣì lè ṣiṣẹ́ fi dèrò orí ọmọlanke káàkiri àgbáyé.

"Àmọ́ ẹ̀rọ yín ní 4GB ìrántí," ó ní. "Ó tó. Linux ni a máa fi sí i."

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá gbọ́ orúkọ yẹn rí, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni Linux bíi ti Windows, ṣùgbọ́n a kì í ra tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tó wà ní yunifásítì. Lónìí, abẹ́ fóònù Android tó wà lápò yín gan-an, Linux ló wà níbẹ̀. Oríṣiríṣi ló ní. Linux Mint ni Ẹ̀ńjíníà mú fún tiwa. Ó ní tí ẹ̀rọ bá ti gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 32-bit, antiX ni kí a wá, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ti kẹ̀yìn sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Fláàṣì 8GB kan ló fi gbé e sínú ẹ̀rọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ní kí a ra: hard disk tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD, 240GB. Kò ní nǹkan kan tó ń yí nínú rẹ̀ bíi ti àtijọ́, ìdí nìyẹn tó fi yára. Ti àtijọ́, tí í ṣe 500GB, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò tíì bàjẹ́, ó wá fi í sínú páálí irin kékeré kan tó ṣeé fi wáyà USB so mọ́ ẹ̀rọ. Ó ní ká má sọ ọ́ nù, iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tún tàn, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kankan tó fi ṣí.

Wi-Fi kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì o!

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé tí kò bá sí dátà, Wi-Fi ò wúlò nìyẹn. Irọ́ ni! Ẹ jẹ́ ká fi wé agbo ilé. Wi-Fi ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a fi ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Íntánẹ́ẹ̀tì ni títì márosẹ̀ tó gba iwájú ilé kọjá. Bí títì bá dí, ṣé ìyẹn ní kí ọmọ má rìn láti yàrá bàbá lọ sí yàrá ìyá? Dátà tí a ń rà, owó títì ni. Kò sẹ́ni tó ń san owó ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù náà ni wọ́n fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ńjíníà ṣí hotspot sórí rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i. Gbogbo fóònù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè wọlé. Ó wá fi Jellyfin sínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà. Iṣẹ́ Jellyfin ni láti to fídíò, orin àti fọ́tò tó wà nínú láptọ́ọ̀pù lẹ́sẹẹsẹ, kí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ kan náà lè pè é jáde. Ẹ̀gbọ́n mi gé páálí bébà kan, ó kọ nọ́ńbà náà sí i gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí: 10.42.0.1:8096. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti kọ ìyẹn sínú fóònù rẹ̀, ó ti wọ inú láptọ́ọ̀pù nìyẹn, bí kò tilẹ̀ ní dátà náírà kan.

Bí wọ́n bá wá fẹ́ jáde sí títì ńkọ́? Wọ́n á fi wáyà USB so fóònù kan tó ní dátà mọ́ láptọ́ọ̀pù, láptọ́ọ̀pù á sì pín in fún àwọn yòókù. Ọgbọ́n wà nínú wáyà yẹn o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù gba íntánẹ́ẹ̀tì látorí Wi-Fi fóònù, kó sì tún fi Wi-Fi pín in. Kò ṣe é. Wi-Fi kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í sì lè máa gbọ́rọ̀ lápá kan kí ó tún máa sọ̀rọ̀ lápá kejì. Wáyà gba ti títì, Wi-Fi gba ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìjà parí.

Ìyà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ lọ geere. Lọ́jọ́ kejì, dátà tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún odindi oṣù tán kí oòrùn tó wọ̀! Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti rí nǹkan ọ̀fẹ́, wọ́n fi wo bọ́ọ̀lù, wọ́n fi wo àwọn oníjó. Ariwo ta.

"Ta ló jẹ dátà mi? Mo ní ta ló jẹ ẹ́?"

Gbogbo wọn dákẹ́. Ni àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ní: "Mọ̀dáámù, ẹ má bínú, gbogbo wa la jẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣòfin. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kì í wọ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù àfi tí Mọ̀dáámù bá fi í sí i fúnra rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, títì ní ẹnubodè.

Ìyà kejì, ooru. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, lórí ègé léèsì. Aṣọ dí ihò tó fi ń mí, ó gbóná, ó pa ara rẹ̀. Ẹ̀ńjíníà ní kí wọ́n kan pákó kékeré mọ́ ògiri, kó ga ju orí ènìyàn lọ, kó jìnnà sí áyọ́ọ̀nù, kí wọ́n fi ìdérí ìgò mẹ́rin gbé ìdí rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má pa ìdérí rẹ̀ dé pátápátá, kí wọ́n sì máa gbọ̀n ẹnu fáànù rẹ̀ lóṣooṣù, torí òwú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kò mọ ọjọ́ ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ẹ wo ara ṣájà láptọ́ọ̀pù yín, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ti tiwa jẹ́ 19 volt, 3.42 ampere. Ẹ fi ìkan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ ó rí i pé 65 watt ni gbogbo agbára tí ṣájà náà lè gbé jáde. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ máa ń gba 1,000 watt àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré táwa Yorùbá náà ń fi òyìnbó pè ní "I better pass my neighbour" lè gbé láptọ́ọ̀pù láìmí helehele. Nígbà tí àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA bá mú iná lọ, bátìrì rẹ̀ ń gbé e fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò já, kò sì sí iṣẹ́ tó sọnù kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀.

Ọwọ́ Mọ̀dáámù nínú tẹlifíṣọ̀n

Ní báyìí, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Àkọ́kọ́, òdiwọ̀n. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú láptọ́ọ̀pù, pẹ̀lú fọ́tò aṣọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń wọn ara ènìyàn tán ni ọmọ iṣẹ́ kan ń kọ ọ́ wọlé. Ní gbogbo alẹ́ Sátidé, wọ́n á so hard disk àtijọ́ ọjọ́sí mọ́ ọn, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi á sì gbé e lọ sílé nínú báàgì. Olè ì báà wọ ṣọ́ọ̀bù, iná ì báà jó o, òdiwọ̀n wà nílé.

Ìkejì, ọnà ara agbádá. Ọkùnrin kan wà lójúlé kẹta tó ní ẹ̀rọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ọnà ọrùn àti àyà agbádá. Tẹ́lẹ̀, ó ń gba owó ọ̀tọ̀ láti ya ọnà, ó tún ń gba owó láti rán an. Ní báyìí, àgbà ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń ya á nínú Ink/Stitch, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń sọ àwòrán di ojú abẹ́rẹ́, tó sì ń gbé e jáde bíi DST tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọnà lè kà. Ó fi oṣù méjì ba àwòrán jẹ́ kó tó ya èyí tó dára. Mo rí i. Ó dára.

Ìkẹta ni èyí tó mú mi jókòó kọ ìròyìn yìí. Ní oṣù Kẹta tó kọjá, àìsàn dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi lè dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́, ẹ mọ̀ pé bí ọ̀gá ò bá sí, àwọn ọmọ iṣẹ́ á kàn máa gbálẹ̀, wọ́n á máa ṣeré, ọdún wọn á máa lọ. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà náà, mo ti ní kí wọ́n máa fi fóònù ya ọwọ́ rẹ̀ bó bá ń gé aṣọ. Kì í ṣe ojú o, ọwọ́ nìkan, àti ohùn rẹ̀ tó ń sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ẹ ká a sí méjì. Ẹ má fa aṣọ. Ẹ fi ínǹṣì kan sílẹ̀ níbí, torí ara ènìyàn kì í dúró sójú kan." Bí a ṣe ń gé agbádá, bí a ṣe ń dá kọ́là, bí a ṣe ń gbé síìpù sẹ́yìn ìró alákànpọ̀, fídíò mọ́kànlá ni wọ́n ti tò sínú láptọ́ọ̀pù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, wọ́n fi wáyà HDMI so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wo ọwọ́ ọ̀gá wọn. Ibi tí kò bá yé wọn, wọ́n á dá a padà sẹ́yìn. Ọmọ tó kéré jù láàárín wọn, tí kò tíì lo ọdún kan, sọ fún mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, tí Mọ̀dáámù bá ń kọ́ wa lójúkojú, ẹ̀rù máa ń bà mí láti ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Fídíò kì í bínú." Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà dé, agbádá mẹ́rin ló bá lórí hángà, ìkan ṣoṣo ló ní kí wọ́n tú.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí fídíò kan bá jẹ́ 100MB, tí ọmọ mẹ́fà sì fi dátà tirẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, 600MB ti lọ. Bí wọ́n bá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 1,800MB. Látinú láptọ́ọ̀pù, kò ná wọn ní nǹkan kan, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí iṣẹ́ bá sì rọlẹ̀, orin ń bọ̀ látinú rẹ̀, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ spíkà. Kódà, wọ́n fi Kiwix sí i, èyí tó jẹ́ kí ènìyàn lè gbé ìwé ìmọ̀ Wikipedia sínú ẹ̀rọ kó sì máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti èdè Yorùbá wà níbẹ̀.

Ibi tí ọmọlanke ń gbé e lọ

Ẹnì kan lè ní: ṣé nítorí láptọ́ọ̀pù kan ni gbogbo ariwo yìí? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọmọlanke lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó bá gba ọ̀nà yẹn, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kó wáyà rẹ̀ jọ, wọ́n á dáná sun ún kí bàbà inú rẹ̀ lè yọ. Èéfín rẹ̀ kì í ṣe èéfín igi. Òjé wà nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó gbó dáadáa tún ní mákúrì nínú iná tó ń tan ojú wọn. Àwọn ọ̀dọ́mọdé ni wọ́n sábà máa ń jókòó ti iná náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà kò ní gbàgbé Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́, níbi tí àṣírí ti tú lọ́dún 1988 pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí wa lágbàlá. Gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló pariwo. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1989, ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Basel nípa kíkó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kọjá ẹnubodè. Síbẹ̀, lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí kan jáde nípa Èkó. Wọ́n ní àwọn oníṣòwò sọ pé nǹkan bí 500 àpótí ọkọ̀ òkun tó kún fún àlòkù ẹ̀rọ ló ń wọlé lóṣooṣù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì ṣeé tún ṣe. Ìdọ̀tí kan náà ni, aṣọ tókùnbọ̀ ló wọ̀ wá. Lágbàáyé, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìdọ̀tí ẹ̀rọ oníná tó jáde lọ́dún 2022 jẹ́ mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, ìdá 22.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àkọsílẹ̀ wà pé wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tún lò bó ṣe yẹ.

Mi ò bá oníọmọlanke jà o. Ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ni. Mo kàn ní kí ohun tó bá ṣì ní ẹ̀mí má tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó sáré gbé tiyín jáde

Ìkìlọ̀ díẹ̀ rè é. Bí ẹ bá fẹ́ ra tókùnbọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tó ní 4GB ìrántí ó kéré tán, kí ẹ sì rí i kó tàn lójú yín kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì fẹ́ ta tiyín, ẹ mọ̀ pé pípa nǹkan rẹ́ lásán kò tó: ohun tí ẹ pa rẹ́, ẹlòmíràn lè jí i padà. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ nu hard disk náà mọ́ dáadáa, tàbí kí ẹ yọ ọ́.

Òdiwọ̀n àti fọ́tò oníbàárà kì í ṣe ohun àfihàn. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, àmọ́ kí òfin tó wà ni ìtìjú ti wà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i, kí ẹ sì máa yí i padà bí ọmọ iṣẹ́ bá ti gba fúrídọ̀mù lọ. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn ń fọwọ́ kàn wọ báǹkì yín. Sinimá àti orin tí ẹlòmíràn fi òógùn ṣe, ẹ má sọ láptọ́ọ̀pù di ibi tí ẹ ti ń dà á kọ fún oníbàárà.

Kí ẹ sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ̀rọ arúgbó ni. Fídíò tó mọ́lẹ̀ kedere jù, bí ènìyàn mẹ́ta bá pè é lẹ́ẹ̀kan náà, á dákú. Lọ́jọ́ kan, á kú pátápátá. Ìdí nìyẹn tí hard disk inú báàgì ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe pàtàkì ju láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwa tí a ń ránṣọ, tí a ń wọ̀ ọ́, a mọ ìwúlò àkísà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníọmọlanke tún dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbójú sókè, ó rí láptọ́ọ̀pù lórí pákó, iná kékeré ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Ó ní: "Màmá, ẹ ò tíì fẹ́ tà á?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí mọṣíìnì. "Ṣé èèyàn máa ń ta akọ̀wé rẹ̀ ni?"

Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ iṣẹ́ fún ọkùnrin náà lómi tútù mu.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, irú ẹ̀rọ wo ló wà lábẹ́ ibùsùn yín, kí ni ẹ sì ti fi ṣe? Ẹ kọ̀wé sí Olóòtú. Àyè wà lójú ìwé lẹ́tà.